Yíyan Ilé Ẹ̀kọ́ Lókè Òkun fún Ẹni Tó Fẹ́ Kọ́ Iṣẹ́ Ìròyìn

Ẹ̀kọ́ nípa iṣẹ́ ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ gbòòrò ju bí orúkọ rẹ̀ ṣe ń dún létí lọ. Ní fásitì kan, kíkà àti kíkọ ni látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ní fásitì mìíràn, kámẹ́rà ni wọn yóò kọ́kọ́ gbé lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Orúkọ kan náà lè wà lára ìwé ẹ̀rí méjèèjì, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí àwọn tó gbà wọ́n lè ṣe kò dọ́gba rárá. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹni tó fẹ́ yan ilé ẹ̀kọ́ lókè òkun gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe, kó tó yan orílẹ̀-èdè tó fẹ́ lọ.

Ọ̀nà mẹ́ta tí ẹ̀kọ́ náà pín sí

Ọ̀nà kìíní ni ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ìbéèrè ló pọ̀ níbẹ̀: ta ló ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n? Ta ló ń sanwó ìròyìn tí aráàlú ń gbọ́ lọ́fẹ̀ẹ́? Kí ló dé tí irọ́ fi ń tètè tàn kálẹ̀ lórí WhatsApp? Ẹni tó bá fẹ́ di olùkọ́ fásitì, olùṣèwádìí tàbí òṣìṣẹ́ àjọ tó ń ṣe àkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, ibẹ̀ ló yẹ kó lọ.

Ọ̀nà kejì ni iṣẹ́ akọ̀ròyìn gan-an: wíwá ìròyìn rí, fífọ̀rọ̀ wá ènìyàn lẹ́nu wò, kíkọ ọ́ kó já gaara, mímọ òfin tó de ìbanilórúkọjẹ́, àti kíka ìròyìn sórí afẹ́fẹ́. Ọ̀nà kẹta ni ṣíṣe ètò àti fíìmù: kámẹ́rà, iná, ohùn, ìtàn kíkọ, dídarí òṣèré, àti títo àwòrán pọ̀ títí yóò fi di odindi iṣẹ́. Ìpolówó ọjà àti bíbá aráàlú sọ̀rọ̀ lórúkọ ilé iṣẹ́ máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí.

Ọmọ tó fẹ́ máa ya fíìmù tó bá lọ lo ọdún mẹ́ta ní ẹ̀ka ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ yóò jáde pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí tó níyì, ṣùgbọ́n kò ní mọ bí wọ́n ṣe ń tan iná sójú òṣèré. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí tó bá lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kámẹ́rà yóò pàdánù ìwé tó yẹ kó kà. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ibi tí kálukú ń lọ ló yàtọ̀.

Orírun ilé ẹ̀kọ́ máa ń hàn lára ẹ̀kọ́ rẹ̀

Lọ́dún 1908 ni Walter Williams dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn ti Fásitì Missouri sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbà níbẹ̀ pé ṣíṣe ni mímọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń bá wọn ṣe ìwé ìròyìn Columbia Missourian tí aráàlú ń kà, fásitì náà sì ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n KOMU tí àwọn ará agbègbè náà ń wò nílé wọn. Àṣìṣe tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe níbẹ̀, gbogbo ìlú ló máa rí i. Fásitì Columbia ní New York ṣí tirẹ̀ lọ́dún 1912 pẹ̀lú owó tí Joseph Pulitzer, tó ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn, fi sílẹ̀.

Ní Jámánì, Karl Bücher dá ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ìwé ìròyìn sílẹ̀ ní Fásitì Leipzig lọ́dún 1916, ìwádìí sì ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ tiwọn. Ní Ìlú Ọba, ọjọ́ pẹ́ tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ ìròyìn fúnra rẹ̀ ni akọ̀ròyìn ti ń kọ́ iṣẹ́. Nígbà tí àwọn fásitì dá sí i, ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà. Ọ̀nà kan ni ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀: Richard Hoggart dá ilé ìwádìí nípa àṣà òde òní sílẹ̀ ní Fásitì Birmingham lọ́dún 1964. Stuart Hall, tí wọ́n bí sí Jàmáíkà, ló darí ilé ìwádìí náà lẹ́yìn Hoggart, tí òkìkí ibẹ̀ fi kàn káyé. Ibi tó ń jẹ́ Fásitì Westminster lónìí bẹ̀rẹ̀ oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ nípa ìròyìn àti ìbánisọ̀rọ̀ lọ́dún 1975. Fásitì Cardiff ní tirẹ̀ gba ọ̀nà kejì: ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1970 pẹ̀lú kíkọ́ni ní iṣẹ́ akọ̀ròyìn.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ìtàn Birmingham. Ìwé tí wọ́n kọ níbẹ̀ ṣì wà nínú ìwé kíkà káàkiri ayé, ṣùgbọ́n lọ́dún 2002 ni fásitì náà ti ẹ̀ka tó gba àwọn iṣẹ́ wọ̀nyẹn ṣe pa. Òkìkí a máa wà lẹ́yìn tí àwọn tó dá a sílẹ̀ ti lọ. Àwọn olùkọ́ tó wà níbẹ̀ lọ́dún tí akẹ́kọ̀ọ́ fẹ́ wọlé ló yẹ kó wò, kì í ṣe ti ogójì ọdún sẹ́yìn.

Ohun tí “college” túmọ̀ sí

Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣi ọ̀pọ̀ òbí lọ́nà. Ní Nàìjíríà, ilé ẹ̀kọ́ girama tàbí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni ló sábà máa ń wá síni lọ́kàn. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí wọ́n ti ń gba oyè àkọ́kọ́ ni, ó sì lè jẹ́ apá kan fásitì ńlá. Ní Ìlú Ọba, ó lè jẹ́ ibi tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ti ń múra sílẹ̀ de fásitì, ó sì lè jẹ́ apá kan Fásitì London. Ní Kánádà, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tó ń fúnni ní dípúlómà ni, ó sì yàtọ̀ sí fásitì pátápátá.

Ìyàtọ̀ ti Kánádà yẹn ń kan ìgbésí ayé ènìyàn. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2024, ẹni tó bá gba dípúlómà ní college tó sì fẹ́ ìwé àṣẹ iṣẹ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ti kọ́ ohun tó wà nínú àwọn ẹ̀ka tí ìjọba dárúkọ, bíi ìlera, sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ àgbẹ̀. Iṣẹ́ ìròyìn kò sí níbẹ̀. Òfin yìí kò mú ẹni tó gba oyè ní fásitì. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lè kọ́ ohun kan náà ní ìlú kan náà, kí ọ̀kan rí ìwé àṣẹ iṣẹ́ gbà, kí èkejì má rí i.

Bí a ṣe ń ka ìwé àlàyé kọ́ọ̀sì

Ìwé àlàyé tí fásitì gbé jáde nípa kọ́ọ̀sì ló ń sọ òtítọ́ rẹ̀ ju àwòrán ilé gíga àti pápá tútù lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú oyè másítà ọlọ́dún kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wò. Kírẹ́díìtì 180 ló máa ń jẹ́. Wákàtí mẹ́wàá iṣẹ́ ni wọ́n ń kà fún kírẹ́díìtì kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ wákàtí 1,800 lápapọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ń kó 60 nínú rẹ̀. Ó ku 120.

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́ máa ṣe fíìmù tó ń sọ ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Ó yẹ kó mú bírò, kó fa ìlà sábẹ́ gbogbo kọ́ọ̀sì tí ọwọ́ rẹ̀ yóò ti kan kámẹ́rà, ohùn tàbí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to àwòrán pọ̀, kó sì ro kírẹ́díìtì wọn pọ̀. Tó bá jẹ́ 30 péré ló rí nínú 120, ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ nìyẹn, ohun yòówù tí àkọlé rẹ̀ ìbáà máa sọ. Tó bá tó 90, tí wọ́n sì gbà kó fi fíìmù rọ́pò ìwé gbọọrọ níbi iṣẹ́ àṣekágbá, ó ti ń sún mọ́ ohun tó ń wá. Kó tún wo èyí tó jẹ́ dandan àti èyí tó jẹ́ ti ẹni tó bá wù, nítorí pé kọ́ọ̀sì tó wuni lè má wáyé lọ́dún tí ènìyàn dé.

Lẹ́yìn èyí ni ìbéèrè nípa irinṣẹ́. Kámẹ́rà mélòó ló wà fún akẹ́kọ̀ọ́ mélòó? Ṣé wọ́n lè gbé e jáde lópin ọ̀sẹ̀? Ṣé rédíò akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́? Ṣé fásitì ló ń bá akẹ́kọ̀ọ́ wá ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́ kọ́ra, àbí òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa kan ilẹ̀kùn kiri? Akẹ́kọ̀ọ́ lè kọ̀wé sí ẹ̀ka náà tààrà láti béèrè. Ẹ̀ka tó ní ohun tó fi ń yangàn kò ní pẹ́ kó tó dáhùn.

Àwọn àjọ tó ń jẹ́rìí sí kọ́ọ̀sì náà ṣe pàtàkì. Ní Amẹ́ríkà, ACEJMC ni. Ní Ìlú Ọba, NCTJ, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1951, ló ń rí sí iṣẹ́ akọ̀ròyìn, BJTC sì ń rí sí ti rédíò àti tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ rere kan wà tí kò sí lábẹ́ wọn, pàápàá àwọn tó jẹ́ ti ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ jókòó sílé iṣẹ́ ìròyìn yẹ kó mọ̀ bóyá kọ́ọ̀sì tó fẹ́ sanwó fún ní ẹ̀rí bẹ́ẹ̀.

Ní ti ẹni tó fẹ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé, olùkọ́ kan ṣoṣo lè ju gbogbo fásitì lọ. Karin Barber kọ́ ẹ̀kọ́ nípa oríkì àti eré orí ìtàgé Yorùbá láti Ifẹ̀, ó sì lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Fásitì Birmingham. Ẹni tó fẹ́ ṣèwádìí lórí eré Yorùbá nígbà náà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìbá lọ, kódà bí fásitì mìíràn bá lórúkọ jù ú lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ òní wá ẹni tó mọ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Àwọn orílẹ̀-èdè àti òfin wọn

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọdún mẹ́ta ni oyè àkọ́kọ́. Ní Scotland, ọdún mẹ́rin. Ọdún kan ni másítà sábà máa ń gbà. Ní Ìlú Ọba lápapọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ fásitì tó wá láti ilẹ̀ òkèèrè lè ṣiṣẹ́ fún wákàtí 20 lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ lọ́wọ́. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, ẹni tó bá lọ kọ́ másítà inú kíláàsì kò lè mú ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání. Àwọn tó lọ ṣe oyè ìwádìí wà lára àwọn tí òfin yọ sílẹ̀. Físà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ jẹ́ ọdún méjì, ọdún mẹ́ta sì ni fún ọ̀mọ̀wé. Ìjọba ti kéde pé ẹni tó bá béèrè rẹ̀ láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2027, tí kì í ṣe ọ̀mọ̀wé, oṣù 18 ni yóò gbà.

Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin ni oyè àkọ́kọ́, akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń kọ́ oríṣiríṣi nǹkan kó tó gbájú mọ́ ọ̀kan. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́, oṣù 12 ló wà fún un láti fi ṣiṣẹ́. Àwọn tó kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ lè rí oṣù 24 sí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ kọ́ọ̀sì iṣẹ́ ìròyìn kò sí nínú wọn. Ohun tó tóbi jù báyìí ni ọ̀rọ̀ físà. Ní oṣù kejìlá ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2026, òun yóò dá físà akẹ́kọ̀ọ́ dúró fún ọmọ Nàìjíríà àti ti Bẹ̀nẹ̀, àyàfi àwọn díẹ̀ tí òfin náà yọ sílẹ̀. Tógò ti wà lábẹ́ irú òfin bẹ́ẹ̀ láti oṣù kẹfà ọdún 2025. Kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún fọ́ọ̀mù, ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ aṣojú Amẹ́ríkà ni kó ti kọ́kọ́ wádìí bí òfin ṣe wà lọ́jọ́ náà.

Ní Kánádà, láti ọdún 2024 ni ìjọba ti fi gbèdéke lé iye akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè tí wọn yóò máa gbà lọ́dọọdún. Wákàtí 24 ni akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ níta ilé ẹ̀kọ́. Ní Jámánì, ọ̀pọ̀ fásitì ìjọba kì í gba owó ilé ẹ̀kọ́, àyàfi ìpínlẹ̀ bíi Baden-Württemberg tó ti ń gba 1,500 yúrò ní sáà kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ àwọn tí kò wá láti ilẹ̀ Yúróòpù láti ọdún 2017. Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun ní nǹkan bí 11,904 yúrò fún ìgbọ́bùkátà ọdún kan. Èdè Jámánì ni wọ́n fi ń kọ́ni ní èyí tó pọ̀ jù nínú kọ́ọ̀sì oyè àkọ́kọ́. Másítà ni ti Gẹ̀ẹ́sì ti pọ̀ díẹ̀. Akọ̀ròyìn tí kò gbọ́ èdè ìlú kò lè fọ̀rọ̀ wá ará ìlú lẹ́nu wò, nítorí náà ọ̀rọ̀ èdè wúwo níbí ju ní ẹ̀kọ́ mìíràn lọ.

Kì í sì í ṣe òkun nìkan la lè là kọjá. Fásitì Rhodes ní Gúúsù Áfíríkà ti ń kọ́ni ní iṣẹ́ ìròyìn láti ọdún 1970. Ní Accra, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn tí wọ́n dá sílẹ̀ nígbà ayé Kwame Nkrumah lọ́dún 1959 ti di apá kan fásitì tó wà fún iṣẹ́ ìròyìn, iṣẹ́ ọnà àti ìbánisọ̀rọ̀. Ènìyàn lè wọ mọ́tò láti Èkó, kó gba Kùtọnu àti Lomé kọjá, kó dé ibẹ̀ láìgba físà.

Ọ̀rọ̀ owó

Ilé là á wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ tí fásitì kọ síta kì í ṣe gbogbo owó. Ní Ìlú Ọba, láti oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìgbọ́bùkátà tí ìjọba ń béèrè jẹ́ £1,529 lóṣù fún ẹni tó ń lọ sí London, àti £1,171 fún ẹni tó ń lọ sí ibòmíràn. Oṣù mẹ́sàn-án ni wọ́n ń ṣírò rẹ̀ fún, tó fi jẹ́ £13,761 ní London àti £10,539 níta rẹ̀. Owó náà gbọ́dọ̀ sùn sí báǹkì fún ọjọ́ 28 láìdín, pẹ̀lú ìyókù owó ilé ẹ̀kọ́ ọdún àkọ́kọ́. Owó ìtọ́jú ìlera, £776 lọ́dún, tún wà lọ́tọ̀.

Náírà náà tún ní tirẹ̀. Kí ìjọba tó dẹ ọwọ́ lára náírà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nǹkan bí ₦470 ni dọ́là kan. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ìdílé tó ṣètò pé ₦4.7 mílíọ̀nù ni àwọn yóò fi san 10,000 dọ́là tó kù bá ara wọn níwájú ₦15 mílíọ̀nù láàárín oṣù mẹ́jọ. Ọmọ ti wà lọ́hùn-ún, kò ṣeé dá padà. Ìdílé tó bá fẹ́ rán ọmọ lọ gbọ́dọ̀ ní owó ọdún kan lọ́wọ́ ní owó ilẹ̀ òkèèrè kí ọmọ tó wọ bàálù.

Ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà. Chevening, tí ìjọba Ìlú Ọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1983, ń san gbogbo owó másítà ọlọ́dún kan. Ó ń béèrè pé kí ènìyàn ti ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì ó kéré tán, kó sì padà sílé fún ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Ètò Erasmus Mundus ti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní másítà ọlọ́dún méjì lórí iṣẹ́ ìròyìn, tó bẹ̀rẹ̀ láti Aarhus ní Denmark kí akẹ́kọ̀ọ́ tó kọjá sí fásitì mìíràn. DAAD ni ti Jámánì. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ fún másítà, kì í ṣe fún oyè àkọ́kọ́.

Ohun tí wọn yóò béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́

Èsì WAEC, àkọsílẹ̀ máàkì láti fásitì, ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì, ìwé àwọn olùkọ́ tó mọni, àti lẹ́tà tí ènìyàn fi ṣàlàyé ara rẹ̀ ni wọ́n máa ń béèrè. Àwọn fásitì Ìlú Ọba kan ń gba máàkì Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC dípò ìdánwò mìíràn. Ó yẹ kéèyàn béèrè kó tó náwó. Àkọsílẹ̀ máàkì lè pẹ́ kó tó jáde nílé, nítorí náà òun ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ lé bá.

Kọ́ọ̀sì fíìmù àti fọ́tò yóò tún béèrè iṣẹ́ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ibí yìí ni ọmọ tí kò lówó ti lè yọ lẹ́gbẹ́. Fíìmù ìṣẹ́jú mẹ́ta nípa ìyá kan tó ń pa aró àdìrẹ ní Ìtọ́kú, l'Ábẹ́òkúta, tí wọ́n fi fóònù yà, tí ohùn rẹ̀ já gaara, tí a sì ń rí ọwọ́ ìyá náà bó ṣe ń bọ inú ìkòkò aró tó ń jáde ní àwọ̀ búlúù, yóò ṣiṣẹ́ ju ogún ìṣẹ́jú àwòrán ìgbéyàwó tí kò lórí tí kò nídìí. Àwọn tó ń yẹ iṣẹ́ wò fẹ́ mọ ohun tí ojú akẹ́kọ̀ọ́ rí tí ojú ẹlòmíràn kò rí. Kó sì sọ òtítọ́ nípa ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe níbẹ̀.

Ajẹ́ńtì àti àwọn oníjìbìtì

Ọ̀pọ̀ ajẹ́ńtì ni fásitì ń sanwó fún lórí akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá mú wá. Kò sóhun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé fásitì tó ń sanwó fún wọn ni wọn yóò dárúkọ. Èyí tó bá akẹ́kọ̀ọ́ mu jù lè má sí nínú wọn.

Ti oníjìbìtì yàtọ̀. Ìjọba Ìlú Ọba ní orúkọ gbogbo ilé ẹ̀kọ́ tó ní àṣẹ láti gba akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè. Amẹ́ríkà àti Kánádà náà ní tiwọn, ọ̀fẹ́ sì ni láti wò wọ́n lórí ayélujára. Ilé ẹ̀kọ́ tí kò sí níbẹ̀ kò lè fúnni ní ìwé tí físà nílò. Ẹni tó bá gba lẹ́tà ìgbaniwọlé yẹ kó kọ̀wé sí fásitì náà fúnra rẹ̀, láti orí àdírẹ́sì tó wà lórí ìkànnì fásitì, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ńtì fún un. Ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó bá sì ní kéèyàn sanwó kó tó gba ẹ̀bùn, jìbìtì ni.

Nílé ńkọ́?

Fásitì Nàìjíríà ní Nsukka bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn lọ́dún 1961, Fásitì Èkó sì tẹ̀ lé e kí ọdún mẹ́wàá náà tó parí. Nítorí náà, kò sí dandan pé kí ọmọ bẹ̀rẹ̀ láti òkè òkun. Túndé Kèlání, olùdarí fíìmù, ti ń ṣiṣẹ́ kámẹ́rà nílé kó tó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ní London. Ó mọ ohun tó ń wá, ó gbà á, ó padà wálé, ó sì ya fíìmù Saworoidẹ. Ọlá Balógun lọ sí ilé ẹ̀kọ́ fíìmù ìjọba Faransé ní Paris; òun ló darí Àjàní Ògún, tó wà lára fíìmù Yorùbá àkọ́kọ́, lọ́dún 1976.

Fún ọ̀pọ̀ ìdílé, ọ̀nà tó bọ́gbọ́n mu jù ni kí ọmọ gba oyè àkọ́kọ́ nílé, kó fi ọdún méjì ṣiṣẹ́ ní rédíò, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tàbí pẹ̀lú àwọn tó ń ya fíìmù, kó sì wá lọ gba másítà lókè òkun. Owó rẹ̀ kéré sí i, ọ̀pọ̀ ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ṣí sílẹ̀ fún un, iṣẹ́ tó ti ṣe yóò sì jẹ́ kó mọ ìbéèrè tó ń gbé lọ. Kí òbí má ṣe kọ́kọ́ béèrè orílẹ̀-èdè tó wu ọmọ. Kó béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe lójoojúmọ́ nígbà tó bá padà dé.